Michigan àti Ohio State lọ́la: ẹ wo eré, ẹ má fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ta tẹ́tẹ́

Láti ọjọ́ Ajé ni àwọn àbúrò wa ti ń fi àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí wa, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń béèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ta ni ká mú nínú Michigan àti Ohio State?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yìí parí rí. Cote rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí lórí fóònù. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lónìí, kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀la, Sátidé ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ni fásitì Michigan máa gba fásitì Ohio State lálejò ní ìlú Ann Arbor. Agogo méjìlá ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn, ìyẹn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, àti agogo márùn-ún ní Tógò. Ọdún 1897 ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ pàdé, ìbínú àárín wọn kò sì tíì tán di òní. Pápá Michigan ń gba èèyàn tó ju 107,000 lọ. Bí a bá kó èrò Stade de l'Amitié ti Kùtọnu jọ lọ́nà mẹ́ta, kò lè kún un. Ẹ sì rántí o, akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo àwọn tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù yìí.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà: èèyàn mọ́kànlá mọ́kànlá ló ń wà lórí pápá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, wọ́n sì lè jù ú fún ara wọn. Ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù ní ànfààní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti sún un síwájú tó yáàdì mẹ́wàá. Bí wọn kò bá lè ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti ẹnìkejì. Ẹni tó gbé e wọ ilé ọ̀tá gba àmì 6, wọ́n tún lè fi ẹsẹ̀ gbá àmì 1 kún un. Bí wọn kò bá lè wọlé, wọ́n lè fi ẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjì kọjá fún àmì 3. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí 27 sí 20 níbi tí tiwa ti ń jẹ́ 1 sí 0.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹgbẹ́ méjèèjì. Ohio State ni ọ̀gá tó wà lórí oyè: òun ló gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà ní oṣù Kìíní ọdún yìí, nígbà tó na Notre Dame 34 sí 23. Láti ìgbà tí sáà tuntun ti bẹ̀rẹ̀, ó ti gbá eré 11, ó sì borí nínú gbogbo wọn. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tó gba ju àmì 16 lọ́wọ́ rẹ̀. Julian Sayin ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn. Caleb Downs sì ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, tí kì í jẹ́ kí ọ̀tá rí ọ̀nà.

Michigan ti borí lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, wọ́n sì ti nà án lẹ́ẹ̀mejì: Oklahoma nà án 24 sí 13, USC nà án 31 sí 13. Bryce Underwood, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, kò ju ọmọ ọdún 18 lọ, ọdún kìíní rẹ̀ ní fásitì sì nìyí. Ṣùgbọ́n Michigan ló borí nínú eré mẹ́rin tí wọ́n pàdé gbẹ̀yìn. Nínú èyí tí wọ́n gbá ní ọdún 2022, ọmọ kan tó ń jẹ́ orúkọ ilé wa, Olusegun Oluwatimi, ló wà láàárín ìlà iwájú Michigan. Wọ́n na Ohio State 45 sí 23 nílé rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ọmọ yìí gba àmì-ẹ̀yẹ Outland àti ti Rimington. Inú wa dùn sí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí cote. Àwọn ilé tẹ́tẹ́ fi nǹkan bí àmì 10 gbé Ohio State ga. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹni tó mú Ohio State tó jẹ owó, Ohio State gbọ́dọ̀ fi ju àmì 10 lọ borí. Bí ó bá na Michigan 27 sí 20, ó ti borí lórí pápá, ṣùgbọ́n owó ẹni tó mú un ti wọmi. Ẹni tó mú Michigan ló jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Michigan ni wọ́n nà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àbúrò tó fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí wa kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé kí Ohio State sáà ti borí ni.

Àwọn kan á ní, "Ilé tẹ́tẹ́ mọ̀ nǹkan, ẹni tí wọ́n bá gbé ga ni ká tẹ̀ lé." Ẹ jẹ́ ká rántí èṣí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nǹkan bí àmì 20 ni wọ́n fi gbé Ohio State ga, nílé ara rẹ̀. Michigan tó wá síbẹ̀ ti pàdánù lẹ́ẹ̀márùn-ún ní sáà yẹn. Michigan ló borí, 13 sí 10. Ní ọdún 2007, àmì 41 ni wọ́n fi gbé USC ga ju Stanford lọ. Stanford borí 24 sí 23. Ní ọdún 2017, àmì 45 ni wọ́n fi gbé UNLV ga ju Howard lọ, fásitì àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Washington. Howard borí 43 sí 40.

Àwọn mìíràn á wá ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọn kò kà sí ni ká máa mú." Ìyẹn náà kọ́ o. A rántí Howard torí pé irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Àwọn ẹgbẹ́ kékeré tí wọ́n ti fi ìyà jẹ láti ìgbà yẹn pọ̀ rẹpẹtẹ, kò sì sí ẹni tó ń pìtàn wọn fún yín.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù lọ nìyí: cote kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Iye ọjà ni, ẹni tó ń ta ọjà sì ti yọ èrè tirẹ̀ kó tó gbé e síta. Cote tí wọ́n sábà máa ń fi sí irú tẹ́tẹ́ aláàmì yìí ni 1.91, yálà Ohio State lẹ mú tàbí Michigan. Bí ó bá jẹ́ pé ọgbọọgba ni wọ́n fẹ́ bá yín ṣe é, 2 ló yẹ kó jẹ́. Ẹ wò ó: ẹni tó fi 1,000 sẹ́fà ta tẹ́tẹ́ lẹ́ẹ̀ọgọ́rùn-ún ti ná 100,000. Bí ó bá jẹ nínú àádọ́ta, tó pàdánù nínú àádọ́ta, 95,500 ló máa rí gbà. Kò gọ̀, orí rẹ̀ kò burú, síbẹ̀ 4,500 ti lọ. Ó dà bí ìyá oníyán-gaàrí tó ti tẹ ìdí tongolo rẹ̀ wọnú. Ẹ lè nájà títí ilẹ̀ á fi ṣú, tongolo yẹn kò ní kún.

Combiné ló tún burú jù. Bí ẹ bá so irú eré bẹ́ẹ̀ márùn-ún pọ̀, cote rẹ̀ á di nǹkan bí 25. Ojú á wọ̀ ọ́, ẹ̀rín á bọ́. Ṣùgbọ́n 32 ló yẹ kó jẹ́. Nínú 1,000 sẹ́fà tí ẹ fi sílẹ̀, wọ́n ti yọ bíi 200 kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Torí náà ni wọ́n ṣe ń polówó combiné fún yín ju tẹ́tẹ́ ẹyọ kan lọ.

Ohun mìíràn tún wà. Jeremiah Smith àti Carnell Tate, àwọn méjì tó mọ bọ́ọ̀lù gbà jù ní Ohio State, kò gbá eré Sátidé tó kọjá pẹ̀lú Rutgers. Bóyá wọ́n máa gbá ti ọ̀la tàbí wọn kò ní gbá á lè yí gbogbo eré padà. Ta ni yóò kọ́kọ́ gbọ́? Àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ pápá, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ ìròyìn náà. Kí ó tó dé etí ọmọ tó jókòó sábẹ́ igi ní Kétu, cote ti yí.

Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ti ń fara gbá a. Ọdún 2018 ni ilé-ẹjọ́ gíga wọn ṣí ọ̀nà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fàyè gba tẹ́tẹ́ eré ìdárayá. Ti orí fóònù bẹ̀rẹ̀ ní Michigan lọ́dún 2021, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní Ohio lọ́dún 2023. Kò pẹ́ tí àwọn tó pàdánù owó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ wọn lórí fóònù. Ní ọdún 2024, NCAA, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré àwọn fásitì, bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fòfin de tẹ́tẹ́ lórí orí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, Ohio sì gbà. Àwọn tó ni eré ń wá bí wọn yóò ṣe dáàbò bo ọmọ tiwọn. Ta ló ń dáàbò bo tiwa?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A mọ̀ pé tẹ́tẹ́ kò lòdì sófin lọ́dọ̀ wa. Loterie Nationale wà ní Bẹ̀nẹ̀, LONATO wà ní Tógò, ẹni tó ti pé ọdún 18 ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ta á. A kò bú ẹni tó fi 200 sẹ́fà ṣeré lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ń fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ta tẹ́tẹ́, tí ẹni tó ń wa zem ń fi owó epo ta á, eré ti tán nìyẹn. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ má fi fóònù tó ní MoMo yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ̀yin tó ń gba tẹ́tẹ́ ní ìsọ̀, ẹ mọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ àdúgbò yín; ẹ lé wọn padà sílé. Ẹ̀yin àbúrò wa, ẹ kọ gbogbo owó tẹ́ ẹ bá fi ta tẹ́tẹ́ àti èyí tó padà wọlé sínú ìwé fún oṣù kan péré. Ẹ má yọ ọjọ́ kankan sílẹ̀. Ìwé yẹn á bá yín sọ̀rọ̀ ju bí a ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Ní ti ìbéèrè yín, èrò wa nìyí: Ohio State ló le jù, a sì rò pé òun ló máa borí. Ṣùgbọ́n a kò ní fi sẹ́fà kan lé e, torí Michigan ti ba ojú irú ìrònú bẹ́ẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra. Ẹni tó bá ráyè kó jókòó wo ó ní agogo mẹ́fà. Eré tó dùn ni, ọ̀fẹ́ sì ni ìdùnnú rẹ̀.

Kí Ọlọ́run bá wa tọ́jú àwọn ọmọ wa.