Aṣọ Àlòkù Kì í Ṣe Ìtìjú

Bí àkókò ìdánrawò ìkọ́ni bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣọ ni í gba ẹnu gbogbo wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Àwọn kan nínú wa a máa yá owó láti dá ẹ̀wù tuntun. Àwọn mìíràn a máa ra aṣọ ní àwìn, tí olówó yóò sì máa wá wọn kiri títí ọdún ẹ̀kọ́ yóò fi parí. A kò kọ ìwé yìí láti bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ọ̀nà mìíràn wà, ọ̀nà náà kò sì ní ìtìjú nínú: kí á wọ aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ rí, kí á sì tọ́jú rẹ̀ dáradára.

Òtítọ́ ni pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ wọ aṣọ játijàti lọ sí iwájú àwọn ọmọ. Àwọn baba wa wí pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ kíláàsì kìíní ń rí lára olùkọ́ rẹ̀? Ó ń rí i bí aṣọ rẹ̀ bá mọ́, bí bọ́tìnnì rẹ̀ bá pé, àti bí a bá ti lọ̀ ọ́. Kò mọ iye tí a rà á, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Àwa tí a ti dàgbà ni a ń fi irú èyíinì ṣe òṣùwọ̀n ara wa.

Àlòkù kì í sì ṣe ohun tuntun láàrin àwa Yorùbá. Bí baba bá kú, àwọn ọmọ a máa pín aṣọ rẹ̀. Ta ni í pe ẹtù tàbí sányán tí ó jogún ní òkìrìkà? Bí aṣọ bá ṣá, àwọn ìyá wa a máa gbé e tọ aláró lọ ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo, kí ó tún un rẹ láró. Bí ó bá sì gbẹ tán, aṣọ tuntun ni lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ǹjẹ́ kí ni ó dé tí ojú fi ń ti àwa ọmọ wọn?

Ẹnìkan lè wí pé ọjà òkìrìkà kúkú wà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Katangowa ní Abúlé-Ẹ̀gbá, àti ní Yábàá ní Èkó, ẹni tí ó bá tètè dé ibi tí a ti ń tú bélì yóò rí ojúlówó ṣẹ́ẹ̀tì yàn. Ẹni tí ó pẹ́ dé yóò bẹ̀rẹ̀ ṣa ìyókù nílẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Òfin Nàìjíríà ka aṣọ àlòkù mọ́ àwọn ọjà tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé láti òkèèrè. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń gba Kútọnu kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa tí a ó kọ́ ọmọ ní ìgbọràn sí òfin kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. A kò dá ìyá tí ó ń wá aṣọ fún ọmọ márùn-ún lẹ́bi, a kò sì bú ẹni tí ó fi títà rẹ̀ bọ́ ilé. Ohun tí a ń wí ni pé kò yẹ kí ọkàn wa kọ́kọ́ sáré lọ sí ọjà, nígbà tí àlòkù tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú àpótí wa.

Lọ́dọọdún ni àwọn tí ó parí ẹ̀kọ́ ń fi ibí sílẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ṣòkòtò dúdú àti síkẹ́ẹ̀tì tí kò bá wọn lára mu mọ́ ń bẹ lọ́wọ́ wọn, kòkòrò ni yóò sì jẹ ẹ́ níkẹyìn. Ìmọ̀ràn wa nìyí: kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ ní òpin ọdún ẹ̀kọ́, kí olúkúlùkù mú aṣọ tí ó ti fọ̀, tí ó sì ti lọ̀, wá sí gbọ̀ngàn; kí a dá owó kékeré lé e; kí ẹni tí kò ní owó sì fi aṣọ tirẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. A bẹ àwọn olùkọ́ wa kí wọ́n yọ̀ǹda yàrá kan fún wa. Owó tí ó bá wọlé yóò ra òwú, abẹ́rẹ́ àti áyọ́ọ̀nù tí gbogbo wa yóò máa lò.

Ẹni tí yóò bá gba àlòkù níbikíbi, kí ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ó wo abíyá, ọrùn àti ìdí ṣòkòtò, nítorí níbẹ̀ ni aṣọ ti máa ń kọ́kọ́ gbó. Kí ó mú èyí tí ó fẹ̀ díẹ̀: télọ̀ lè dín aṣọ kù, ṣùgbọ́n kò lè fa èyí tí ó kéré gùn. Kí ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó sá a sí oòrùn, kí ó sì lọ̀ ọ́ kí ó tó wọ̀ ọ́, nítorí ìfọ́n àti iná aṣọ. Aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ ẹlòmíràn, kí ó fi í sílẹ̀ pátápátá. Bí kọ́là bá ti gbó, kí télọ̀ tú u, kí ó yí i padà, kí ó sì tún un rán. Ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ kò tíì rí ìyà kankan.

Ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, ṣùgbọ́n kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ má jẹ́ kí á máa sáré bá àwọn tí ó ti ń gba owó oṣù fún ogún ọdún. Ẹni tí ó fi gbèsè aṣọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ti jẹ owó oṣù rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó bá yẹ kí ó ra ìwé tí yóò fi kọ́ àwọn ọmọ, kò ní rí nǹkan kan fi rà á. Nítorí àwọn ọmọ náà, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yìí.