Òfin Tó Ń Di Ayálégbé Lẹ́nu

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé kò sí òfin tó gbèjà ayálégbé nílùú Èkó, ẹ má gbà á gbọ́ o. Òfin wà. Ohun tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Lọ́dún 2011, nígbà tí Fáṣọlá ń ṣe gómìnà, ìjọba Èkó ṣòfin ilé yíyá. Wọ́n ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún 1 lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Ẹni tó bá rú u, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ N100,000, tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù 3. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí?

Ẹ dúró ná. Òfin náà kò sọ pé ẹni tó gbà nìkan ló jẹ̀bi. Àtẹni tó gbà o, àtẹni tó san o, ọ̀kan náà ni wọ́n. Háà! Ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, tí wọ́n ti fún ní kúìtì nílé tó ń gbé, tí lànlọ́ọ̀dù tuntun wí fún pé, “Owó ọdún méjì ni mò ń gbà, bí o ò bá ní, yà fún ẹni tó ní,” ṣé òun náà ló di arúfin? Bó bá san án tán, ta ni yóò lọ fẹjọ́ sùn? Ara rẹ̀ ló ń lọ fi sùn yẹn! Lànlọ́ọ̀dù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ́ntì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbà á ní gbangba tí ojú kì í tì wọ́n.

N100,000 ọdún 2011 ńkọ́, kí ló lè rà ní Mile 12 lónìí? Onílé tó gba mílíọ̀nù méjì yóò kàn kà á mọ́ owó ọ̀dà ni. Wọ́n sì yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà kúrò nínú òfin náà pátápátá. Àdúgbò àwọn ọlọ́lá, ẹ ṣáà ti gbọ́.

Òótọ́ ni pé ayálégbé mìíràn burú. Ó lówó lọ́wọ́, aṣọ ẹbí ló ń fi í rà, bàbá onílé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń fojú sọ́nà fún owó yẹn láti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, á máa lọ, á máa bọ̀. N kò gbè sẹ́yìn irú wọn. Òfin kan náà sì ti rò ó fún bàbá: ẹni tó ń san lóṣooṣù, bó bá jẹ gbèsè oṣù 6, kóòtù yóò ní kó jáde, kó sì san gbèsè. Kóòtù ni o! Kì í ṣe lànlọ́ọ̀dù tó gun òrùlé láàárọ̀ kùtù tó ń ká páànù. Fún onítọ̀hún, ìtanràn tí kò ju N250,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí àwọn aṣòfin Èkó yọ ẹni tó san kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Kí ìtanràn di ìlọ́po méjì iye tí onílé gbà lé, kí wọ́n sì gba àlékún náà padà fún ayálégbé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe é, ẹ ó rí bí rìsíìtì ọdún méjì-méjì yóò ṣe máa jáde lábẹ́ ìrọ̀rí.