Nígbà Tí Bàbá Wà Lórí Òkè

Arákùnrin kan láti Inísà bi mí pé ṣé ó tọ́ kí òun fi ilé sílẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí òun lọ gbààwẹ̀ lórí òkè. Mo ní kí ó dúró ná, kí n sọ tèmi fún un.

Kì í ṣe àwa nìkan ni à ń gun òkè. Ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń rin nǹkan bíi kìlómítà 16 gun òkè lọ sí tẹ́ńpìlì Kedarnath, tí ó ga ju mítà 3,500 lọ. Bí ìgbà òtútù bá dé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà, oníkálukú á sì sọ̀kalẹ̀. Tiwa kì í tì. Ẹlòmíràn a gùn ún, a sì gbàgbé ilé.

Ní ọdún 1993, mo gbéra ní Ìkìrun lọ sí òkè àdúrà kan lápá Iléṣà. Ọjọ́ méje ni mo dá. Owó oúnjẹ ọjọ́ méjì ni mo fi sílẹ̀, mo ní Olúwa yóò pèsè ìyókù. (Ebi ẹlòmíràn ni mo fi ń dán ìgbàgbọ́ mi wò!) Ní ọjọ́ kẹta, ibà kọ lu ọmọ wa kejì. Kò sí tẹlifóònù tí wọn ìbá fi pè mí. Ìyá kan ládùúgbò, Mùsùlùmí ni, ló gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, tí ó sì fi owó ọjà rẹ̀ san owó abẹ́rẹ́.

Nígbà tí mo dé, ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájà." Ìyẹn dùn mí ju ìjà lọ.

Ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ kan náà, nítòsí Ìkejì-Arákejì, ni Olúwa ti pe Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní oṣù October 1928. Ẹnu iṣẹ́ ni ó wà! Ọkọ̀ tí ó fi ń tẹ ọ̀nà ló dákú, tí ó ń tún un ṣe. Nínú Lúùkù orí 9 pẹ̀lú, Pétérù fẹ́ pàgọ́ sórí òkè, bẹ́ẹ̀ bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń jìyà wà nísàlẹ̀.

Mo wá bi arákùnrin náà pé kí ni ìyàwó rẹ̀ wí sí i. Ó ní òun kò tíì sọ fún un.