Kékeré Ni À Ń Kọ́ Ọmọ Ní Jíjẹ àti Mímu

Àwọn àgbà ní kékeré ni ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣòó. Bí a ti ń kọ́ ọ ní ìrun, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́ ọ ní oúnjẹ.

Tẹ́lẹ̀ rí, bí ọmọ bá sanra rọ̀bọ̀tọ̀, a ó ní ilé bàbá rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ti kìlọ̀ fún wa pé àsanjù láti kékeré lè fa ìtọ̀-ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Tíṣà lè kọ ọ́ sójú pátákó pé ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso dára. Bí aago ìsinmi bá lù ńkọ́? Bisikíìtì, pọ́fù-pọ́fù àti mínírà ni ó kún ẹnu géètì. Ìgò mínírà 50cl kan ṣoṣo lè ní ṣúgà tó ju ṣíbí tíì 10 lọ. Òfin tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní 2021 fi owó-orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó-orí kò lè ṣe iṣẹ́ òbí.

Èmi kò ní kí àwọn ìyá wa má tajà. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n gbé ọsàn, ìbẹ́pẹ, ẹ̀pà àti omi tútù síwájú àtẹ. Ohun tí ọmọ bá kọ́kọ́ rí ni yóò nawọ́ sí.

Ẹ̀yin áfáà ilé-kéwú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọmọ tó jókòó ní ilé-ìwé láti àárọ̀, tó tún jókòó sórí ẹní títí di Màgàríbà, ìgbà wo ni yóò sáré? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣiṣẹ́ tó ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n fo okùn, kí àwọn ọmọbìnrin náà sì ní àyè tiwọn.

Súrà Al-Aráfù, ẹsẹ 31, gbà wá láàyè láti jẹ àti láti mu, ó sì kọ àṣejù fún wa. Ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí kò ṣe àwa òbí? Bàbá tó ń mu mínírà méjì lé oúnjẹ alẹ́ kò lẹ́nu láti bá ọmọ wí.

Ẹ má fi ọmọ tó sanra ṣe ẹlẹ́yà, ẹ má sì fi ebi pa á, nítorí ó ṣì ń dàgbà. Kí gbogbo ilé jọ yí ìṣe padà.

Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbó, kí wọ́n tọ́. Àmín.