Omi Tí A Sé Kì Í Ṣe Omi Tí A Bọ

Àwọn kan láàárín àwa olórìṣà California ń sọ pé kò yẹ kí a lòdì sí ètò láti fi kún gíga dáàmù Shasta, ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ yìí. Wọ́n ní omi ni Ọ̀ṣun, pé bí omi tí a tọ́jú bá ṣe pọ̀ tó ni ìbùkún Yèyé yóò ṣe pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n a kò gbà á. Ẹ̀yin ìyàwó òrìṣà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti í kí odò ni a fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ní 1945 ni a parí dáàmù náà. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 602. Ètò tí ìjọba àpapọ̀ ti ń gbé kiri láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kí a fi ẹsẹ̀ bàtà 18 àti ààbọ̀ kún un, kí omi inú adágún rẹ̀ lè fi nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Lójú ìwé, ẹsẹ̀ bàtà 18 kò jọ nǹkan. Ṣùgbọ́n orí ta ni omi náà yóò gùn?

Orí àwọn Winnemem Wintu ni, àwọn ọmọ odò McCloud. Nígbà tí adágún náà kọ́kọ́ kún, ó gbé abúlé wọn àti ibojì àwọn baba ńlá wọn mì; dáàmù sì dínà mọ́ ẹja salmon tí í ti òkun gòkè wá sínú odò wọn. Ìwọ̀nba ilẹ̀ mímọ́ tí ó ṣẹ́ kù fún wọn ni àfikún yìí tún fẹ́ bò, títí kan òkúta tí wọ́n fi ń ṣe ètò ìbàlágà fún àwọn ọmọbìnrin wọn. Ní 2004, wọ́n jó ijó ogun lẹ́bàá dáàmù náà láti kọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni omi fẹ́ bò, ṣé àwa yóò jókòó?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Odò Ọya ni a sé ní Kainji ní 1968. Abẹ́ adágún rẹ̀ ni Bússà àtijọ́ wà dòní. Ọ̀pọ̀ ilé ni iná Kainji tàn sí, ṣùgbọ́n àwọn ará Bússà ni wọ́n fi ìlú wọn san owó rẹ̀.

Wọ́n á ní ọ̀dá ń bọ̀. Òótọ́ ni; omi yìí ni àwa náà ń mu, a sì rántí ọ̀dá 2012 sí 2016. Ṣùgbọ́n gíga dáàmù kì í rọ òjò. Ọdún tí òjò bá pọ̀ gan-an nìkan ni àyè tuntun náà yóò rí omi gbà. Abẹ́ ilẹ̀ Central Valley, tí àwọn kànga ti fà gbẹ, ní àyè tí ó ju ti gbogbo adágún California lọ. Ẹ jẹ́ kí a da àgbàrá ọdún òjò sórí pápá kí ó rọra wọlẹ̀. Kò ní rì ibojì ẹnikẹ́ni.

Òfin ìpínlẹ̀ yìí ti ń dáàbò bo odò McCloud láti 1989. Ẹ kọ̀wé sí àwọn aṣòfin yín pé kí wọ́n dúró tì í. Ẹni tí yóò mú igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. A kì í fi omijé ẹlòmíràn kún ìkòkò òrìṣà.

Oore Yèyé o!