Kámẹ́rà Nínú Omi

Ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà àti Èrúwà, ẹ máa ń dá mi dúró lọ́nà ọjà nítorí kámẹ́rà kékeré tí mo ń rì bọ odò Òfìkì. "Tíṣà, ṣé ẹja lẹ fẹ́ yà ní fọ́tò ni?" Ẹja ni o! Iṣẹ́ tí mo ń kọ́ lọ́wọ́ nìyẹn.

Ohun tí ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé omi a máa tan ojú jẹ. Ohun tí ó jìnnà sí wa ní ẹsẹ̀ bàtà 4 lábẹ́ omi yóò dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ bàtà 3 péré ni, yóò sì tóbi lójú ju bí ó ti rí lọ. Omi a sì máa gbé àwọ̀ mì, pupa ni ó sì ń kọ́kọ́ gbé mì. Bí ènìyàn bá wọ aṣọ pupa dé ìsàlẹ̀ òkun tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 30, aṣọ náà yóò ti dà bí eérú. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi ń gbé iná dání, tí wọ́n sì ń sún mọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ yà títí yóò fi kù díẹ̀ kí ọwọ́ tó o. Odò tiwa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń mọ́ díẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ ni ẹ óò yà.

Òyìnbó Faransé kan, Louis Boutan, ti ń ya fọ́tò lábẹ́ òkun láti 1893. Ṣùgbọ́n ìtàn ti ilé wa ni ó wọ̀ mí lára jù.

Ní ọjọ́ 26 oṣù May, 2013, ọkọ̀ Jascon-4, tí ń bá ọkọ̀ epo ṣiṣẹ́, dojú dé lójú òkun Nàìjíríà, ó sì rì tó mítà 30. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, tí ń se oúnjẹ fún wọn, rí ibì kan tí afẹ́fẹ́ há sí, ó sì wà níbẹ̀ nínú òkùnkùn fún nǹkan bí wákàtí 60. Òkú ni àwọn òmùwẹ̀ wá gbé. Kámẹ́rà wà lára akoto òmùwẹ̀, àwọn tí ó wà lókè sì ń wo ohun tí ó ń rí. Ọwọ́ kan yọ nínú omi dúdú. Wọ́n ṣe bí òkú mìíràn ni. Òmùwẹ̀ na ọwọ́ sí i, àfi gbà! ọwọ́ náà dì í mú. Òun nìkan ni ó yè nínú àwọn 12. Lẹ́yìn náà ni ó lọ kọ́ iṣẹ́ òmùwẹ̀. Ẹ̀rù ìbá bà mí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ fẹ́ tẹ̀lé mi lọ sí odò, ẹ dúró ná. Yàtọ̀ sí pé omi ń gbé ènìyàn lọ, àtọ̀sí ajá tí í mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú àwọn odò wa. Èmi gan-an kì í wọnú omi. Orí ọ̀pá gígùn ni mo so kámẹ́rà mọ́, láti inú ọkọ̀ apẹja. Ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ owó ẹyọ kan sínú abọ́ ìfọṣọ tí omi mímọ́ kún, ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi pẹ́nsù gún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí tirẹ̀ bá bà á, kí ó kọ̀wé sí mi.