Lẹ́yìn Bouaké: Kí ló lè gba ilé lọ́wọ́ àdó olóró tó ń ti òfurufú bọ̀?

Ọ̀sán Sátidé ni, ọjọ́ kẹfà, oṣù Kọkànlá, ọdún 2004. Oṣù Ramadan ni, ọ̀pọ̀ ará ìlú Bouaké ló sì wà lẹ́nu ààwẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú ogun Sukhoi-25 méjì, tí wọ́n jẹ́ ti iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Côte d'Ivoire, fò wá sórí ìlú náà, wọ́n sì da rọ́kẹ́ẹ̀tì bo ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Lycée Descartes. Nígbà tí eruku máa fi rọlẹ̀, ọmọ ogun Faransé mẹ́sàn-án àti ará Amẹ́ríkà kan tí kì í ṣe ológun ti kú. Àwọn tó farapa lé ní 30.

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan nínú àwọn tó kú, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Láti ọdún 2002 ni ogun abẹ́lé ti pín Côte d'Ivoire sí méjì, tí Bouaké sì di olú ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀ Forces Nouvelles. Àwọn ọmọ ogun Faransé tí wọ́n ń pè ní Licorne, tí wọ́n dúró sáàárín ìjọba àti ọlọ̀tẹ̀, ló ń gbé inú Lycée Descartes. Ibi tí ọmọ ti ń kọ́ ìwé ti di bárékè.

Ohun tó tẹ̀lé e ni ọ̀pọ̀ èèyàn rántí jù. Faransé fọ́ ọkọ̀ òfurufú méjèèjì náà ní Yamoussoukro lọ́jọ́ yẹn gan-an, ìgboro Abidjan dàrú, ẹ̀mí àwọn ará Côte d'Ivoire bọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àjèjì sì sá kúrò nílùú. Àwọn ará Ẹ̀jìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tó ṣòro láti rí ìdílé tí kò ní èèyàn ní Côte d'Ivoire, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn bí ọkàn ṣe ń rí nígbà tí fóònù kò bá wọlé láti ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí kò tíì rí ìdáhùn tó péye ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ti ilé náà fúnra rẹ̀. Kí ni à bá ṣe tí àdó olóró kò fi ní rí ilé ẹ̀kọ́ yẹn bí ohun tó tọ́ láti kọlù? Bó bá sì kọlù ú, kí ni à bá ṣe tí kò fi ní pa àwọn tó wà nínú rẹ̀?

Páànù, búlọ́ọ̀kù àti iyẹ̀pẹ̀

Kì í ṣe iná nìkan ló ń pa èèyàn nígbà tí àdó olóró bá bú gbàù. Ìgbì atẹ́gùn rẹ̀ máa ń ti ogiri ṣubú. Àfọ́kù irin máa ń fò bí ọta ìbọn. Gíláàsì wíńdò, tí ọ̀pọ̀ kò kà sí nǹkan kan, máa ń di ọ̀bẹ kéékèèké lójú ẹni tó sáré lọ síbi wíńdò láti wo ohun tó ń dún lókè. Páànù kò lè dá ìkankan nínú wọn dúró. Búlọ́ọ̀kù oníhò tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ po yanrìn púpọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Ká sòótọ́, ilé ń wó pa èèyàn níbi tí kò sí ogun rárá: ilé alájà 21 tó wó ní Gerrard Road ní Ìkòyí, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, pa èèyàn tó lé ní 40.

Iyẹ̀pẹ̀ ló gbọ́n jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ni owó rẹ̀ kéré jù. Àpò tí wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ kún, tí wọ́n tò síwájú wíńdò àti ẹnu ọ̀nà títí tó fi nípọn tó ìdajì mítà, máa ń gbé àfọ́kù irin mì. Kò ní dá àdó tó bá já lé òrùlé dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí àdó olóró pa, kì í ṣe pé ó já lé wọn lórí, ìtòsí wọn ló ti bú. Ẹni tí kò tilẹ̀ ní àpò kankan ṣì lè kúrò ní yàrá tó ní wíńdò, kó bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ níbi tí ogiri méjì ti wà láàárín òun àti ìta, kó sì dojú bolẹ̀. Àwọn ará Ukraine ti fi èyí ṣe àṣà, àwọn ọmọdé wọn pàápàá mọ̀ ọ́n.

Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí dídáàbò bo ìlú. Odi àti yàrà ló yí àwọn ìlú ńlá ká láyé àtijọ́. Erédò Sùngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gùn tó 160 kìlómítà, ibòmíràn sì wà níbẹ̀ tó jìn tó 20 mítà. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tàbí tó ń gẹṣin bọ̀ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè dá dúró. Ọ̀tá tó ń fò kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú odi.

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà láti 1967 sí 1970 ló kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní apá ibí yìí ní ohun tí ogun òfurufú ń jẹ́. Ní ìhà ìlà oòrùn, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo páànù kó má baà máa kọ mànà lójú oòrùn, wọ́n sì gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìnkùlé láti sá sí. Ní Umuahia, ilé abẹ́ ilẹ̀ tí Ojukwu lò ṣì wà níbẹ̀ dòní, àwọn èèyàn ń sanwó lọ wò ó. Olórí ní ilé abẹ́ ilẹ̀, ará ọjà ní imọ̀ ọ̀pẹ.

Orílẹ̀-èdè Finland kọ̀ láti pín in bẹ́ẹ̀. Òfin wọn pàṣẹ pé ilé ńlá gbọ́dọ̀ ní yàrá ààbò tirẹ̀. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ti tó 50,000 níbẹ̀, wọ́n sì lè gba èèyàn bíi mílíọ̀nù 4.8, ìyẹn èyí tó pọ̀ jùlọ nínú gbogbo ará ìlú. Kò sí ìjọba kan láti Dakar dé Abuja tó máa ná irú owó bẹ́ẹ̀ lónìí, ìwé ìròyìn kankan kò sì gbọ́dọ̀ máa tan àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé ó máa ṣẹlẹ̀. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ àwọn ìjọba wọ̀nyí kò gba kọnkéré púpọ̀.

Ta ló la ogiri lẹ́nu?

Yorùbá ní bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Sójà tó kó wọ ilé ẹ̀kọ́ ló la ogiri rẹ̀ lẹ́nu.

Àfikún Kìíní sí Àdéhùn Geneva, tó jáde lọ́dún 1977, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọlu ilé aráàlú. Ṣùgbọ́n ààbò yẹn lè bọ́ lára ilé tí ológun bá ń lò fún iṣẹ́ ogun. Abala 58 rẹ̀ wá kọjú sí ẹni tó wà lórí ilẹ̀, kì í ṣe ẹni tó wà lókè nìkan: bó bá ti ṣeé ṣe tó, kó má gbé ohun tó jẹ́ ti ogun sí àárín tàbí ìtòsí ibi tí èrò pọ̀ sí. Èyí kò dá ẹni tó yìn rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Bouaké láre rárá. Àwọn ọmọ ogun Faransé wà níbẹ̀ láti ya àwọn tó ń jà, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, UN, ló sì fún wọn láṣẹ. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ máa jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ títí ogun á fi parí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìbọn sùn nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìbọn ẹni tó wá pẹ̀tù sí aáwọ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Oslo, wọ́n sì ṣe ìkéde lórí ààbò ilé ẹ̀kọ́ lásìkò ogun. Côte d'Ivoire àti Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Faransé fọwọ́ sí i lọ́dún 2017. Abuja tiẹ̀ gba àlejò ìpàdé àgbáyé kẹrin lórí rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, pẹ̀lú àsíá àti ọ̀rọ̀ dídùn. Ìkéde lásán ni ṣá. Sójà tó dé abúlé, tó rí ilé tó ní ògiri, kànga àti pápá ńlá, kò ní ronú kan Oslo.

Àwọn ọ̀gá ológun ní ìdáhùn sí èyí, kò sì burú láti gbọ́ ọ: ilé ẹ̀kọ́ ni ilé kan ṣoṣo tó lágbára ní ọ̀pọ̀ abúlé, kò sì síbòmíràn láti wọ̀ sí lóru ọjọ́ tí wọ́n bá dé. Òótọ́ ni fún òru àkọ́kọ́. Kì í ṣe òótọ́ mọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Iléeṣẹ́ ológun tó lówó láti ra dróònù lówó láti ra àgọ́.

Ilé tí kò sí lórí máàpù

Ọ̀nà kejì tí ilé fi ń kú ni kí ẹni tó mú àdó olóró lọ́wọ́ má mọ ohun tó jẹ́. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní ọdún 2017, ọkọ̀ òfurufú ogun Nàìjíríà ju àdó olóró sí ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ìpínlẹ̀ Borno. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà MSF ka òkú tó bíi 90, iye tí ìjọba ìbílẹ̀ kà sì ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ Red Cross Nàìjíríà mẹ́fà wà nínú wọn. Ìgbìmọ̀ tí àwọn ológun gbé kalẹ̀ wá jábọ̀ pé kò sí àmì tó yẹ níbẹ̀, àti pé Rann kò sí lórí máàpù iṣẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ibùdó ìrànwọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, tí sójà orílẹ̀-èdè kan náà wà láàárín wọn, kò sí lórí máàpù!

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, lálẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 2023, dróònù àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ju àdó olóró sí abúlé Tudun Biri ní Kaduna, níbi táwọn èèyàn ti ń ṣe Máólúùdì. Àjọ NEMA ka òkú 85. Àpò iyẹ̀pẹ̀ mélòó ni à bá kó lọ síbi Máólúùdì?

Àmì nìkan kò sì tó. Ní Mariupol, ní Ukraine, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ “ọmọdé” sílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn gbọ̀ngàn tíátà tí àwọn èèyàn sá pamọ́ sí, kí awakọ̀ òfurufú lè kà á látòkè. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹta ọdún 2022, àdó olóró balẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní bi òun, kò sí ohun tí àmì fẹ́ ṣe fún un.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Bouaké ti dùn ún gbọ́ jù, tó sì tún burú jù. Nínú oṣù kan náà tí ìkọlù yẹn wáyé, Togo mú àwọn ará Belarus mẹ́jọ kan tó ń ti Côte d'Ivoire bọ̀, wọ́n sì fura pé àwọn tó wa ọkọ̀ òfurufú náà wà nínú wọn. Lomé fi tó Paris létí. Paris kò béèrè wọn. Togo tú wọn sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó di oṣù Kẹrin ọdún 2021 kí ilé ẹjọ́ kan ní Paris tó dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ará Belarus kan àti ọmọ ogun Côte d'Ivoire méjì. Kò sí ẹnìkankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé ẹjọ́ lọ́jọ́ náà. Àga wọn ṣófo.

Ó ti súnmọ́ ilé

Ní ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 2025, ọkọ̀ òfurufú ogun Nàìjíríà fò wọ ilẹ̀ Benin láti bá ìjọba Patrice Talon lé àwọn sójà tó fẹ́ gbàjọba. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún yẹn kan náà, nígbà tí Amẹ́ríkà kọlu àwọn agbébọn ní ìpínlẹ̀ Sokoto, àfọ́kù ohun ìjà já bọ́ sí Ọ̀ffà, ní Kwara. Ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ bí Ọ̀ffà ṣe jìnnà sí Sokoto tó á mọ̀ pé oríire ni.

Nítorí náà, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Abuja àti ní Abidjan sọ ìkéde Oslo di òfin tó ní ìjìyà nínú, kí ọ̀gá ológun tó bá fi ilé ẹ̀kọ́ ṣe bárékè lè dúró níwájú adájọ́. Kí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ní ìwé kan tí orúkọ àti ibi tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ọjà àti ibùdó ìrànwọ́ wà á máa wà nínú rẹ̀, kí awakọ̀ òfurufú ogun kankan má sì gbéra láì wò ó. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà létí ibodè ní àpò àti ṣọ́bìrì nípamọ́, kí wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń kó ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò.

Ẹ̀yin òbí kò sì ní láti dúró de Abuja. Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ yín bóyá ilé ẹ̀kọ́ kan wà lágbègbè náà tí sójà, ọlọ́pàá tàbí fijilanté ń sùn nínú rẹ̀. Bó bá wà, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa kó jáde, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀.